Bob Hayes: wọ́n jẹ́ kó kú tán kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn

Ní January 31, 2009, nílùú Tampa ní Florida, àwọn oníròyìn tó máa ń dìbò fún Hall of Fame bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ìyẹn ilé ìrántí àwọn akọni eré náà, jókòó bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà yẹn lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú Super Bowl, àṣekágbá ọdún, wọ́n sì mú èèyàn mẹ́fà wọlé. Bruce Smith wà níbẹ̀, Rod Woodson, Randall McDaniel, Derrick Thomas tó ti dolóògbé, bàbá àgbà Ralph Wilson tó ni tíìmù Buffalo, ẹnì kẹfà wá ni Bob Hayes, agbábọ́ọ̀lù Dallas Cowboys tó tún jẹ́ ẹni tó sáré jù láyé nígbà tiẹ̀. Hayes ti kú láti September 2002. Àtìgbà tó ti fẹ̀yìn tì nínú bọ́ọ̀lù ní 1975, gbogbo ìgbà tó fi wà láyé tó ń gbọ́ orúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò gbọ́ tiẹ̀ rí. Mo fẹ́ kọ bọ́rọ̀ náà ṣe rí sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wa tó ń wo NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, báyìí, tí wọ́n bá ti ní ẹnì kan yára, Tyreek Hill ni gbogbo wa ń pariwo, a ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ dá irú wàhálà yẹn sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ n yára ṣàlàyé fáwọn tó jẹ́ pé Arsenal àti Chelsea nìkan ni bọ́ọ̀lù lójú tiwọn. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà yìí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e kiri, pápá náà gùn tó 100 yáàdì láti ìlà kan dé ìkejì. Quarterback ló ń ju bọ́ọ̀lù. Wide receiver lẹni tó máa dúró sétí lọ́hùn-ún, tó máa ṣí eré, tí wọ́n á ju bọ́ọ̀lù síwájú fún, tó sì máa hán an lókè. Tó bá gbé e dé ìlà òpin, touchdown nìyẹn, póìntì mẹ́fà. Láyé Hayes, bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí difẹ́ńdà kan tẹ̀ lé e, èmi rèé ìwọ rèé, ibi tó bá yà sí kó yà síbẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Jacksonville, ní Florida, ni wọ́n bí i sí ní December 20, 1942. Florida ìgbà yẹn, ilé ìwé àwọn aláwọ̀ dúdú lọ́tọ̀, tàwọn òyìnbó lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe jẹ́ pé Matthew Gilbert High School ló ti kàwé, níbi tí tíìmù wọn ò ti pàdánù eré kankan ní 1958, síbẹ̀ kò sí ìwé ìròyìn òyìnbó tó ka ìyẹn sí nǹkan bàbàrà. Látibẹ̀ ló lọ sí Florida A&M, yunifásítì àwọn dúdú tó wà ní Tallahassee, FAMU tí wọ́n máa ń pè é, lábẹ́ kóòṣì Jake Gaither. Bọ́ọ̀lù ni Gaither fẹ́ kó wá gbá. Eré sísá kàn jẹ́ èrè orí ọjà ni. Àmọ́ èrè ọ̀hún wá ju ọjà lọ, torí ní 1963, nílùú St. Louis, ó sá 100 yáàdì ní 9.1 sẹ́kọ́ńdù, kò sí ọmọ aráyé kankan tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Bó ṣe ń sáré ò tiẹ̀ dùn ún wò. Àwọn tó mọ eré sísá dáadáa máa ń sọ pé kò lẹ́wà, èjìká ń yí sọ́tùn-ún sósì, ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọjú síra wọn, àyà fẹ̀, itan ki, ẹni tó bá rí i tó dúró jẹ́ẹ́ á rò pé ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ká ṣáà dá a sílẹ̀.

Wọ́n dá a sílẹ̀ ní Tokyo ní 1964. Ìdíje Olíńpíìkì yẹn gan-an ni Nojim Maiyegun tiwa gba bàbà nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, tó jẹ́ àmì ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà ní Olíńpíìkì láyé, torí náà kì í ṣe ìdíje tó jìnnà sí wa rárá. Ní October 15, lọ́jọ́ àṣekágbá 100 mítà, ọ̀nà kìíní ni wọ́n fi Hayes sí. Ẹ rántí pé kì í ṣe rọ́bà olówó iyebíye bíi tòde òní ni wọ́n ń sá lé lórí, iyẹ̀pẹ̀ eérú tí wọ́n tẹ̀ ni, àwọn tó ń du eré rírìn sì ti tẹ ọ̀nà kìíní yẹn ní àtẹ̀gbó kó tó kàn án. Ìyẹn nìkan kọ́ o. Hayes fúnra rẹ̀ máa ń sọ ọ́ pé nígbà tóun tú báàgì òun, bàtà ẹsẹ̀ kan péré lòun bá níbẹ̀, ó ní Joe Frazier (bẹ́ẹ̀ ni, Joe Frazier oníkànṣẹ́ yẹn, òun náà wà ní Tokyo, ó sì gba góòlù) ló ti ń tú báàgì náà kiri tí ẹsẹ̀ kejì fi yọ sílẹ̀ tó sì wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ló bá yá bàtà ẹlòmíì wọ̀ sẹ́sẹ̀ òsì. Pẹ̀lú bàtà àyáwọ̀ àti ọ̀nà tó ti bàjẹ́, ó sá a ní 10.0, ó bá rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé dọ́gba. Enrique Figuerola ọmọ Kúbà ló ṣe ìkejì, Harry Jerome ti Kánádà ṣe ìkẹta, àwọn méjèèjì jìnnà sẹ́yìn débi pé kò sẹ́ni tó nílò fọ́tò láti fi dájọ́.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, ó ti tó. Àmọ́ eré tí wọ́n ṣì ń sọ títí dòní ni ti ọ̀pá, 4x100 mítà, ní October 21. Paul Drayton ló bẹ̀rẹ̀, ó gbé e fún Gerry Ashworth, Ashworth gbé e fún Richard Stebbins, nígbà tí ọ̀pá fi máa dọ́wọ́ Hayes tó jẹ́ ẹni ìkẹyìn, ipò karùn-ún ni Amẹ́ríkà wà. Ipò karùn-ún o, 100 mítà péré ló sì kù. Ó kó gbogbo wọn sẹ́yìn, ó gba ìlà òpin kọjá pẹ̀lú àyè tó ṣẹ́ kù nílẹ̀, 39.0, rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé. Àwọn tó fọwọ́ ka aago fún ìpín tiẹ̀ nìkan ò fẹnu kò, ẹni tó ní 8.5 wà, ẹni tó ní 8.9 náà wà, èyí tó wù kó jẹ́, títí di báyìí, àwọn kan ṣì ń sọ pé kò tíì sí ẹni tó sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ẹsẹ̀ méjì. Mo ti wo fídíò rẹ̀ láìmọye ìgbà, ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé àwọn tó kù ò dúró, wọ́n ń sáré, àwọn náà lára àwọn tó yára jù láyé ni wọ́n.

Dallas Cowboys ti mú un nínú dráfútì ọdún 1964 yẹn, níbi tí àwọn tíìmù ti máa ń mú àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun ní ìpele-ìpele, ní ìpele keje. Ìpele keje! Ìdí ni pé kò sẹ́ni tó gbà gbọ́ pé ẹlẹ́sẹ̀ ehoro lè gbá bọ́ọ̀lù. Kì í sì ṣe pé èrò wọn burú, torí ẹ wo àwọn tó tẹ̀ lé e: Jim Hines tó gba góòlù 100 mítà ní Mexico ní 1968 gbìyànjú ẹ̀ ní Miami, àwọn tí wọ́n jọ ń gbá fún un lórúkọ Oops nítorí bọ́ọ̀lù tó ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò ju bọ́ọ̀lù méjì lọ tó hán ní gbogbo ìgbà tó fi wà nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Tommie Smith tó nawọ́ ìkùukù sókè ní Mexico náà lọ sí Cincinnati, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló hán. Eré sísá nìkan ò tó, ọwọ́ ní láti lè mú nǹkan.

Ọwọ́ Hayes ń mú nǹkan. Sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, 1965, ó hán bọ́ọ̀lù 46, ó fi rin 1,003 yáàdì, ó gba touchdown 12. Sáà kejì, 64, 1,232 yáàdì, touchdown 13. Nínú sáà méjèèjì, kò sí ẹni tó hán touchdown jù ú lọ ní gbogbo NFL. Ní November 1966, wọ́n lọ pàdé Washington, Hayes nìkan gba 246 yáàdì lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọ̀kan nínú ẹ̀ gùn tó 95 yáàdì, Don Meredith, quarterback wọn, ju bọ́ọ̀lù, ọ̀gbẹ́ni sì lọ. Ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò, difẹ́ńdà wo ló máa dúró lóun nìkan níwájú ẹni tó sáré jù láyé? Tó bá sún mọ́ ọn, ó ti kọjá lára rẹ̀. Tó bá fàyè sílẹ̀, Hayes á dúró lójijì, á yíjú padà, á gba bọ́ọ̀lù síwájú rẹ̀. Kò sọ́gbọ́n tẹ́nì kan lè dá sí i.

Làwọn kóòṣì bá gbé ọgbọ́n míì jáde. Dípò kí difẹ́ńdà kan máa lé èèyàn kan kiri, wọ́n ní kí oníkálùkù máa ṣọ́ ilẹ̀ tiẹ̀, kí ẹni tó bá wọlé síbẹ̀ di tiẹ̀, kí ẹlòmíì tún wà lẹ́yìn pátápátá fún bọ́ọ̀lù tó bá gùn. Zone ni wọ́n ń pè é. Zone ti wà kí Hayes tó dé, mi ò ní parọ́ mọ́ ìtàn, àmọ́ kì í ṣe ohun tí gbogbo tíìmù ń gbára lé. Òun ló jẹ́ kí wọ́n ní láti mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n tún ń fi ọwọ́ gbá a láyà látìgbà tí eré bá ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má bàa ráyè ṣí. Lónìí, ọmọ ilé ìwé sẹ́kọ́ńdìrì tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Texas, zone wà lára ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ fi hàn án.

Nǹkan tó bọ́ sí i lára nìyẹn náà, ó sì yẹ ká sọ ọ́ torí àwọn tó ń ta kò ó nínú ìdìbò máa ń dì í mú dáadáa. Nígbà tí gbogbo ìgbèjà ti mọ bí wọ́n ṣe ń dí ojú ọ̀run mọ́ ọn, iye rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílẹ̀. 1972, bọ́ọ̀lù 15 péré, kò gba touchdown kankan. 1974, bọ́ọ̀lù 7. Wọ́n tà á sí San Francisco fún 1975, kò pẹ́ níbẹ̀ tó parí. Wọ́n tún máa ń mẹ́nu ba eré December 31, 1967 ní Green Bay, èyí tí òtútù rẹ̀ burú débi pé àwọn èèyàn ò gbàgbé dọ̀la, tí Hayes ń ki ọwọ́ bọ inú ṣòkòtò nígbà tó bá mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ò ní wá sọ́dọ̀ òun, àwọn Packers, ìyẹn tíìmù Green Bay, sì rí i, wọ́n mọ̀ ọ́n. Green Bay borí 21 sí 17. Ó dáa, àṣìṣe ni. Ọmọ Florida ni, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Lẹ́yìn ìyẹn ó ṣì gba òrùka Super Bowl, January 16, 1972, nígbà tí Dallas na Miami 24 sí 3 ní New Orleans. Títí dòní, òun nìkan ló ní góòlù Olíńpíìkì àti òrùka Super Bowl pa pọ̀.

Tí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, bọ́ọ̀lù 371, 7,414 yáàdì, touchdown 71. Ìyẹn ni pé gbogbo ìgbà tó bá hán bọ́ọ̀lù, 20 yáàdì ni Dallas ń bá lọ, a dá a pọ̀ a pín in. Àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún sáà tó pọ̀ ò tó nǹkan, Paul Warfield wà lára wọn, Warfield sì wọ Hall of Fame láti 1983, kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Oògùn olóró ló ṣẹlẹ̀. Ní April 1978 wọ́n mú un ní Texas, ó ta oògùn olóró fún ọlọ́pàá tó ṣe bí oníbàárà. Ó gbà pé òun jẹ̀bi, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún ní 1979, ó lo nǹkan bí oṣù mẹ́wàá níbẹ̀ kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ ní 1980. Ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn náà pé ọtí àti oògùn ti mú òun lọ́rùn. Mi ò fẹ́ fọwọ́ bò ó mọ́lẹ̀, ó ṣe é, ó sì jìyà ẹ̀.

Àmọ́ Hall of Fame bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní òfin tiẹ̀, òfin náà sì ní ohun tí èèyàn bá ṣe lórí pápá nìkan ni káwọn olùdìbò wò. Kì í ṣe ti baseball tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ ìwà mọ́ ọn. Nítorí náà lórí ìwé, ẹ̀wọ̀n Hayes ò kan ìdìbò. Lórí ìwé o. Ẹ mọ bí èèyàn ṣe rí, ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó d'àrán bora, aṣọ olè ló dà bora. Hayes máa ń gbọ́ orúkọ àwọn ẹlòmíì lọ́dọọdún. Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti 2001, nígbà tí wọ́n mú Lynn Swann ti Pittsburgh wọlé. Swann, bọ́ọ̀lù 336, 5,462 yáàdì, touchdown 51. Mi ò ní Swann ò dáa, ó ní òrùka mẹ́rin, àwọn bọ́ọ̀lù tó hán ní Super Bowl lẹ́wà ju ohun tẹ́nu lè sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo nọ́ńbà méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi pé orí pápá nìkan ni wọ́n wò. Hayes ṣì wà láàyè nígbà yẹn. Ara ẹ̀ ò ti le mọ́.

Nínú ọdún yẹn kan náà, September 23, 2001, Cowboys fi orúkọ rẹ̀ sí Ring of Honor, ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn akọni tiwọn sí, ní Texas Stadium, ó sì wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọdún kan ni ìyẹn fi ṣáájú ikú rẹ̀. September 18, 2002, ní Jacksonville níbi tí wọ́n bí i sí, kíndìnrín ò ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn tó ti bá jẹjẹrẹ próstéètì jà. Ọmọ ọdún 59 ni.

Ní January 31, 2004, nílùú Houston, ìgbìmọ̀ tó máa ń wo ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tí ayé ti gbàgbé fi orúkọ méjì síwájú àwọn olùdìbò, Bob Brown àti Bob Hayes. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó wọlé, nǹkan bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àwọn olùdìbò gbọ́dọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Bob Brown wọlé. Bob Hayes ò wọlé. Inú bí Paul Zimmerman ti Sports Illustrated, ọ̀kan nínú àwọn olùdìbò fúnra wọn, débi tó fi ní òun ò ṣe mọ́, òun fi ìdìbò sílẹ̀ fún wọn. Èèyàn tó ti wo bọ́ọ̀lù yẹn láti bí ọdún gbọọrọ, tó máa ń fi sítópùwọ́ọ̀ṣì ka bí wọ́n ṣe ń kọ orin orílẹ̀-èdè pẹ́ tó kí eré tó bẹ̀rẹ̀, òun ló bínú bẹ́ẹ̀ yẹn. Èyí tó fi hàn pé kì í ṣe àwọn ará Dallas nìkan ló ń ké.

Ọdún márùn-ún géérégé lẹ́yìn ìyẹn, lọ́jọ́ kan náà nínú oṣù, wọ́n tún gbé e wá, ó sì wọlé. Nǹkan kan yí padà nínú eré tó gbá láàárín 2004 sí 2009? Rárá. Bọ́ọ̀lù 371 ṣì ni 371. Àwọn tó jókòó ló yí padà díẹ̀, ìgbà tó sì ti kọjá ti pẹ́ débi pé ẹ̀wọ̀n 1979 ò ta wọ́n létí mọ́. Èrò tèmi nìyẹn, mi ò sì rò pé mo ṣì í.

Wàhálà kan tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kéde, mo fẹ́ kàn mẹ́nu bà á kí n sì kọjá. Obìnrin kan tó ní ìbátan Hayes lòun ka lẹ́tà kan níta gbangba, tí wọ́n ní Hayes kọ sílẹ̀ ní 1999 láti fi dúpẹ́ tí wọ́n bá mú un lẹ́yìn ikú rẹ̀. Omi bọ́ lójú àwọn èèyàn. Ìgbà tó yá làwọn kan wá wo lẹ́tà ọ̀hún dáadáa, wọ́n rí i pé fọ́ǹtì Calibri ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ìyẹn fọ́ǹtì tí Microsoft kó jáde fáráàlú pẹ̀lú Office 2007. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni, mo fi sílẹ̀ fún ẹbí. Ẹjọ́ Hayes ò nílò lẹ́tà kankan.

Wọ́n gbé e wọlé ní Canton, Ohio, níbi tí Hall of Fame wà, ní August 8, 2009, wọ́n ṣí aṣọ lójú ère orí rẹ̀. Àwọn tó bá wà láàyè ni Hall of Fame máa ń fún ní jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ góòlù yẹn, òkú kì í gbà á, nítorí náà ẹbí Hayes ò gba jákẹ́ẹ̀tì. Èyí lohun tí ìdádúró yẹn jẹ́ lójú mi, ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé ó ṣáà wọlé nígbẹ̀yìn. Tí wọ́n bá ti mú un ní 2001 dípò Swann, tàbí pẹ̀lú Swann, ì bá wọ̀ ọ́.

Àwọn tó ṣì ń jiyàn, àríyànjiyàn wọn ni pé ìgbà tó fi dáa ò gùn. Ó dáa. Ní October 2009, oṣù méjì lẹ́yìn tí wọ́n gbé e wọlé, Miles Austin gba 250 yáàdì lọ́wọ́ Kansas City, ìgbà yẹn ni rẹ́kọ́ọ̀dù 246 ti Hayes tó kúrò nílẹ̀ ní Dallas, lẹ́yìn ọdún 43. Touchdown 71 tiẹ̀ dúró pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Michael Irvin gbá fún Dallas, kò bá a, Drew Pearson ò bá a, Terrell Owens wá ó lọ. Ìgbà tí wọ́n ti sọ eré náà di eré jíju bọ́ọ̀lù pátápátá, tí difẹ́ńdà ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ gbá wide receiver mọ́ tó bá ti kọjá yáàdì márùn-ún, ni Dez Bryant tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé e bá, ó sì parí sí 73.